“Ṣé kí n tún lọ ka AI lẹ́ẹ̀kejì?”: Ìdáhùn sí ọmọ Abẹ́òkúta tó wà ní Scotland

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú gègé. Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè bá wa lọ, ohun tí o kọ ni pé o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ òye àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI. Pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí wọ́n ti ń san owó ilé-ìwé rẹ láti ọdún kìn-ín-ní, ti ṣèlérí láti san ti másítà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n AI náà ni wọ́n fẹ́ kí o tún kà, ní yunifásítì tí òkìkí rẹ̀ ju èyí lọ. Àti pé Statistics, ìmọ̀ ìṣirò tí a fi ń túmọ̀ àkójọ iye, ni ọkàn tìrẹ ń fà sí, tàbí iṣẹ́ kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, pàápàá ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ̀rù sì ń bà ọ́ kí wọ́n má bàa pè ọ́ ní aláìmoore.

Gbólóhùn kan wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ tí o sáré kọjá, òun gan-an ló dá mi dúró. O ní: “Mo lè mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló mú un ṣiṣẹ́, ẹnu mi a wọhò.” Inú mi dùn pé o kọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó gba irú oyè yìí ni kì í jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara wọn. Másítà tó bá lè jẹ́ kí o dáhùn ìbéèrè yẹn ló yẹ ọ́, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ másítà AI tí wọ́n ń polówó ní Britain lónìí, wọn kò ṣe é fún irú rẹ. Lọ́dún 2020 ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ran àwọn yunifásítì lọ́wọ́ láti dá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ka nǹkan mìíràn, ìbáà ṣe ìtàn tàbí ìmọ̀ ọ̀gbìn, tó wá fẹ́ yà sí ọ̀nà AI. Ohun rere ni fún wọn. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni másítà náà, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ohun tí o ti ṣe kọjá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ mi, mo sáré gba másítà tí kò yàtọ̀ sí i, kìkì nítorí pé orúkọ ilé-ìwé náà dùn ún pè láàárín ẹbí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olùkọ́ gbé iṣẹ́ fún wa: òdòdó iris 150, oríṣi mẹ́ta, àádọ́ta àádọ́ta, pẹ̀lú ìwọ̀n gígùn àti fífẹ̀ ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà fi dá oríṣi kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ronald Fisher, onímọ̀ Statistics, ló tẹ àkójọ yẹn jáde lọ́dún 1936, òun náà ni mo sì ti fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Mo jókòó, mo ń tẹ ohun tí mo ti tẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni owó ilẹ̀ tí bàbá mi tà ń jó lọ lójú mi.

Nítorí náà, tẹ àkójọ kọ́ọ̀sì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sórí bébà, mú bírò, kí o sì fa igi lé gbogbo èyí tí o ti ṣe. Bí èyí tí o fagi lé bá ju ìdajì lọ, pa bébà náà tì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wo iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, tó sábà máa ń kó 60 nínú 180 kírẹ́díìtì másítà ní Britain. Olùkọ́ wo ni yóò bá ọ ṣe é, kí ni onítọ̀hún sì ti kọ jáde láìpẹ́ yìí? Kọ̀wé sí i kí o tó san kọ́bọ̀.

Nínú ohun méjèèjì tí o fẹ́, Statistics ni ọ̀nà tó ṣe tààrà jù láti dí àlàfo tí o jẹ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni èmi yóò mú. O ní o sọ fún fóònù rẹ pé “ọkọ̀ mi bàjẹ́”, ó sì kọ “ọkọ mi bàjẹ́”. Wo bí nǹkan ti pọ̀ tó nínú àṣìṣe kékeré yẹn! Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì ní àmì ohùn lórí, nítorí náà inú ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ni ẹ̀rọ ti ń kọ́ èdè tó jẹ́ pé ohùn ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ bí ohùn ènìyàn ṣe ń ròkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀, kó mọ ìlànà èdè, kó sì mọ ìṣirò tí ẹ̀rọ fi ń yan ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù. Wàá kọ́ Statistics níbẹ̀, tipátipá.

Yunifásítì Edinburgh, tí kò jìnnà sí ọ, ní másítà ọlọ́dún kan lórí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yìí. Yunifásítì Saarland ní Jámánì ní ti ọlọ́dún méjì lórí ìmọ̀ èdè àti ẹ̀rọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, wọn kì í sì í gba owó ilé-ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Jámánì yóò fẹ́ rí nǹkan bí 11,900 Euro ní báńkì fún owó jíjẹ mímu ọdún kan kí wọ́n tó fún ọ ní físà. Saarland ni David Adelani ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó tó 20,000.

Ọ̀rọ̀ físà Britain náà kò ṣeé fojú fò. Físà Graduate tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oyè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á láyé ẹni. Ọdún 2 ni fún ẹni tó bá béèrè kí ọdún 2027 tó wọlé, oṣù 18 sì ni lẹ́yìn ìgbà náà. Bí o bá lò ó lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, kò sí mọ́ lẹ́yìn másítà.

Ní ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ìfẹ́ ló mú wọn sọ̀rọ̀. AI ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò láràárọ̀. Àmọ́ orúkọ AI ti rí ọjọ́ tí kò tajà. Lọ́dún 1973, James Lighthill, onímọ̀ ìṣirò, kọ ìròyìn kan ní Britain pé ìlérí àwọn onímọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀ lọ, owó ìwádìí sì gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀.

Má fi WhatsApp kọ ìpinnu rẹ sí wọn. Kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ, kí wọ́n bá ọ la ọ̀nà. Lẹ́yìn náà kí o pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ nígbà tí ara wọn bá balẹ̀. Kí ọpẹ́ ṣíwájú. Sọ iye tí wọn yóò ná ní ibi kọ̀ọ̀kan fún wọn, má fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn náà, sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọkọ fún wọn bí o ti sọ ọ́ fún mi. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì bi ọ́ pé kí ló fa irú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o wí fún wọn pé ohun tí ẹ fẹ́ rán mi lọ kọ́ nìyẹn, sà.