Ṣé ọjọ́ márùn-ún tó fún Malta?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi ka ìwé Ìṣe Àpọ́sítélì, ó ní dandan ká lọ wo Malta níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́, tá a bá ti ṣe Ojúde Ọba tán. Ṣé ọjọ́ márùn-ún tó? Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ó tó dáadáa, Malta ò tóbi rárá. Ẹ kọ́kọ́ gba físà Schengen (ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù) o, ẹ má tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ dé sí Valletta, ìlú táwọn jagunjagun Saint John (ẹgbẹ́ ológun ìjọ Kátólíìkì) bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1566, torí ọdún tó ṣáájú làwọn ará Tọ́kì wá sàga tì wọ́n tí wọn ò rí wọn mú, odi ẹ̀ á rán yín létí Erédò Súngbọ́ wa, àmọ́ òkúta ni tiwọn (tiwa ṣì jù ú lọ lójú tèmi). Hypogeum, ibojì abẹ́ ilẹ̀ tó ti ju 4,000 ọdún lọ, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gozo, erékùṣù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malta, ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Yúrò ni wọ́n ń ná, wọ́n sì gbọ́ òyìnbó. Oòrùn July pẹ̀lú August le gan-an. Ọbẹ̀ ehoro ni wọ́n fi ń yangàn, tí ìyàwó yín ò bá jẹ ehoro, ẹja wà.