Ẹ̀wà tó kọ̀ tí kò hù: èsì fún Àǹtí tó béèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí olùkọ́ bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti máàtì jọ fi irúgbìn kan náà kọ́ àwọn ọmọ SS 1, kí wọ́n fi nǹkan bò ó lára, kí wọ́n wò ó bóyá á hù. Ó ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Mushin ná.

Ẹ̀wà olóyin tí à ń sè jẹ ni mo rà. A fi 20 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a yí 20 nínú eérú, a ri 20 bọ sítáàṣì tó ki, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan. Ọjọ́ karùn-ún, òórùn dé. Ọjọ́ keje, gbogbo oní-sítáàṣì ti bu, irun funfun hù lórí wọn bí orí bàbá àgbà. Èyí tí a ò fi nǹkan bò gan-an, 3 péré ló hù. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni inspẹ́kítọ̀ wọlé. Kò bi mí pé kí ló dé tí kò hù o. Nóòtì ló ní kí n mú wá, ó sì fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń fi oúnjẹ ṣòfò. Ẹni tí kò gbin àgbàdo rí láyé ẹ̀!

Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó yé mi. Ẹ̀wà ọjà lè ti pẹ́ nínú àpò títí ọmọ inú ẹ̀ fi kú. Sítáàṣì sì rèé, oúnjẹ ni fún ohun tó ń mú nǹkan bu, ó tún dí ọ̀nà mọ́ omi àti afẹ́fẹ́. Irúgbìn ń mí o! Òwú tí mo tẹ́ sábẹ́ àwọn ẹ̀wà náà, mo rẹ ẹ́ débi pé omi ń ṣàn. "Ẹ máa bomi rin ín" ni gbogbo ohun tí àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ mọ̀ ọ́n wí.

Kí n tó gbàgbé: àgbàdo gbígbìn tí wọ́n kùn ní pupa tàbí àwọ̀ ewé, òògùn ló wà lára ẹ̀. Kí ọmọ kankan má fi ọwọ́ lásán mú un, ẹ má sì dà á fún adìyẹ. Ọmọ kan ní kíláàsì mi ti gbé méjì dé ẹnu kí n tó pariwo.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ àgbẹ̀ ni mo ti gba àgbàdo. Mo kọ́kọ́ dán 10 wò nílé, mo wá fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ìyókù. 17 hù nínú 20. Olùkọ́ máàtì á rí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò níbẹ̀. Ti kẹ́mísírì ò le: omi eérú á sọ lítímọ́ọ̀sì pupa, bébà tí wọ́n fi ń dá ásíìdì àti álíkálì mọ̀, di búlúù. Ẹ tún bi àwọn ọmọ pé kí nìdí tí ìyá wọn fi ń rẹ ẹ̀wà kó tó bó èèpo ẹ̀ fún àkàrà. Ariwo tó sọ ní kíláàsì mi lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá wa sáré wá.

Ẹ má gbé ike tí ẹ gbin irúgbìn sí sójú fèrèsé o. Ewúrẹ́ àdúgbò ló jẹ tèmi ẹlẹ́ẹ̀kẹta.