Ẹ Má Gbin Ẹ̀wà Igbó Sáàárín Ẹ̀wà Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ìdin jẹ òdòdó àti èèpo ẹ̀wà àrọ̀kúrò mi tán lọ́dún tó kọjá. Bàbá kan ń ta èso ẹ̀wà igbó. Ó ní tí mo bá gbìn ín sáàárín poro ẹ̀wà mi, agbára rẹ̀ máa wọ tèmi lára, mi ò ní fín oògùn mọ́. Ṣé kí n rà á? (Àgbẹ̀ kan, ọ̀nà Ìkòyí, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ìgbà kẹrin rèé lọ́dún yìí tí wọ́n máa bi mí ní irú rẹ̀, inú sì ń bí mi, nítorí owó àgbẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ.

Ẹ̀wà igbó kan wà lóòótọ́ tí irun bo èèpo rẹ̀, Vigna vexillata, tí ìdin Maruca kì í fẹ́ẹ́ rí jẹ. Maruca yìí ni mo fura sí pé ó wọ oko yín. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, gbìyànjú títí láti so ẹ̀wà igbó yìí pọ̀ mọ́ ẹ̀wà tí à ń jẹ, bí ọkọ àti aya. Ọwọ́ ni wọ́n fi mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀kan sínú èkejì. Oyún rẹ̀ kò dàgbà, inú èèpo ló ń kú sí. Ohun tí onímọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tí kò bọ́ sí i, ṣé pé poro yín sún mọ́ra ló máa ṣe é?

Agbára àtikojú kòkòrò kì í ràn bí àrùn. Inú èso ló wà, ọmọ ló ń jogún rẹ̀. Ẹ̀wà sì sábà máa ń fi lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ lóyún, kí òdòdó tó là rárá. Àwọn ẹ̀wà igbó tó bá ẹ̀wà wa tan tímọ́tímọ́, tí wọ́n ṣeé so pọ̀ mọ́ ọn, wà: èyí tí àwọn onímọ̀ fi nọ́ńbà pè ní TVNu 1158 wà lára wọn, kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé mu kì í rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n èso wọn kéré, èèpo wọn a máa là fúnra rẹ̀, èso a fọ́n ká sílẹ̀. Ọmọ máa jogún ìyẹn náà. Ìran lẹ́yìn ìran la fi ń dá a padà sọ́dọ̀ ẹ̀wà gidi kí ìwà igbó tó kúrò lára rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ inú ife èso kan.

Nítorí pé ọ̀nà ti Vigna vexillata dí ni wọ́n fi wá ibòmíràn lọ. Jíìnì (ohun tó ń gbé ìwà ìran) bakitéríà inú ilẹ̀ kan, Bacillus thuringiensis, ló wà nínú ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí IAR, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Zaria, ṣe, tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2019. Maruca nìkan ló ń kojú o! Ẹ ṣì máa fín oògùn fún àwọn kòkòrò yòókù, kò sì dí kòkòrò inú àpò lọ́wọ́. Àpò tí wọ́n lẹ̀, tó ní àmì NASC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso èso gbígbìn, ni kí ẹ rà. Ẹ má ra èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá.

Mi ò tíì rí oko yín, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ wá wò ó kí ẹ tó náwó. Lọ́dún yìí, bí ẹ̀wà bá ti ń yọ òdòdó, ẹ já bíi mẹ́wàá, ẹ la inú wọn wò. Bí ẹ bá rí ìdin, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín, nígbà tí oyin ti wọlé, ìwọ̀n tó wà lára ìgò ni kí ẹ sì lò.