Ẹ Bi Ìyá Onílé: Wọ́n Ń Yin Ifẹ̀, Owó Ilé Ń Gbọ́

Lẹ́tà mẹ́rin ló wà lórí tábìlì mi lóṣù yìí. Mẹ́ta fẹ́ràn Ilé-Ifẹ̀ tàbí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn dídùn nípa rẹ̀, ẹ̀kẹrin ń bínú sí gbogbo ẹni tó ń yìn ín. Mo kà wọ́n sókè fún ọmọ tó ń bá mi bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Ó ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, pé bí àlejò bá ti pọ̀ jù, ata á wọ́n. Mo ti dá wọn lóhùn ná.

Ìbéèrè: Màmá, mo kí i yín o. Ìkòròdú ni mò ń gbé, ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Lóṣù tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi wá sí Ifẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wa, a sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ Sátidé, a ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ìyàwó mi tó rántí pé òun gbàgbé gèlè sí òtẹ́ẹ̀lì. Mo padà lọ mú un, mo sì dé kí wọ́n tó parí orin àkọ́kọ́. Ní Èkó, gèlè yẹn ìbá di ti ọ̀la. Wọ́n tún mú wa wọ ọgbà fásitì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹnu ò gbà á ròyìn. A ti pinnu pé Ifẹ̀ la máa kó wá. Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í pariwo ìlú yín? Ilẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà? — *Bàbá Onígèlè, Ìkòròdú*

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú oríire. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe gbòòrò tó, kó gbàgbé nǹkan sílé. Gèlè yẹn ti wọn Ifẹ̀ fún yín.

Ẹ ní a kì í pariwo. Háà! Àwa tá a sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀dọ̀ wa ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ariwo wo ló kù tá a ò tíì pa?

Afẹ́fẹ́ inú ọgbà yẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìbàdàn ni fásitì náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962 kó tó kó dé Ifẹ̀ ní 1967. Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà náà, àwa ọmọ Ìrẹmọ a máa rìn lọ wo katakátá tó ń wú ilẹ̀ kiri níbẹ̀. N kò mọ̀ pé n óò fi ọdún 28 jẹun nínú ọgbà náà, lẹ́nu iṣẹ́ títẹ ìwé fún àwọn olùkọ́. Ará Ísírẹ́lì kan, Arieh Sharon, ló ya àwòrán àwọn ilé wọ̀nyẹn. Bẹ́ ẹ bá tún dé ibẹ̀, ẹ lọ dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn, kí ẹ gbójú sókè. Àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, èyí tó tún wà lókè rẹ̀ yọ jù ú lọ. Òkè ló ń ṣíji bo ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ìyá bá na ìborùn sórí ọmọ. Oòrùn kì í ráyè wọlé, atẹ́gùn nìkan ló ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì mi tó dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ nínú ooru oṣù Kẹta, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé fáìlì rẹ̀ wá. Á ní òun fẹ́ wá wo bí mo ṣe ń tẹ ìwé òun sí ni. (Ọ̀gá yìí kan náà ló ní a ò gbọdọ̀ da bébà kankan nù nígbà tí wọ́n yí orúkọ fásitì sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní oṣù Karùn-ún 1987. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fi báírò fa ìlà gba orí orúkọ àtijọ́. Ẹ má bínú, mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà.)

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, àjèjì lójú, kò fi ríran. Oṣù tó kọjá tẹ́ ẹ wá yẹn, ìsinmi làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ìdí nìyẹn tí gèlè fi tètè dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, kí ẹ wá gba Mayfair lọ sí Lágere láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀kadà mẹ́ta fẹ́ já yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tún wá kọ lẹ́tà mìíràn sí mi.

Àti pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tẹ́ ẹ yìn yẹn, àwa la mọ ohun tó ń ná wa. Ní 2022, àwọn olùkọ́ fásitì yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìlú dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi. Ilé mi tó wà lójú ọ̀nà Ẹdẹ, yàrá mẹ́jọ ni. Méjì péré ló léèyàn nínú. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà níta mi gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé lóṣù Kẹrin, kò gbé e jáde mọ́ títí ọdún fi parí. Ọmọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ta ẹ̀rọ kan, ó da aṣọ bo èkejì. Lákòókò yẹn gan-an ni àbúrò ọkọ mi ti Èkó dé. Ó na ẹsẹ̀ sórí àga mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ mà ń gbádùn níbí o." Mo bu omi fún un mu, n kò sọ̀rọ̀.

N kò ní kí ẹ má wá o. Ilẹ̀ wà, lójú ọ̀nà Oǹdó àti lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Iye rẹ̀ ni n kò ní kọ síbí, torí bí àjẹ́ǹtì bá ti gbọ́ Ìkòròdú lẹ́nu yín, iye yẹn ti yí padà. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá sóde àríyá. Ẹ wá olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo nínú ẹbí, kí gbogbo ojúlé tó lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ mú sọ̀fíyọ̀ tiyín dání, kó bá yín wádìí ní Òṣogbo bóyá ìjọba ti sàmì sí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fara balẹ̀ títí di oṣù Kejì ọdún, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, kí ẹ lọ kí aládùúgbò tó múlé tì í, kí ẹ yọjú wo inú kànga rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ni omi tẹ́ ẹ máa fi wẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ọgbà fásitì ní odò Ọ̀pá tí wọ́n sé fún omi tiwọn. Àwa ará ìgboro, kànga la mọ̀.

Kí ìyàwó yín sì wá fúnra rẹ̀ o. Nínú lẹ́tà yín, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Màmá, ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé Ifẹ̀ ti di ìlú ìgbafẹ́ báyìí, pé kí n wá lo òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀. Ṣé fàájì alẹ́ wà? — *Ọ̀dọ́mọkùnrin, Àbújá*

Ìdáhùn: Aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń sùn. Bi àwọn ayálégbé mi.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Ọmọ kan nínú kíláàsì mi lọ lo ìsinmi ní Ifẹ̀, látìgbà tó ti dé ni kò ti jẹ́ ká gbádùn. Gbogbo wọn ló fẹ́ lọ báyìí. Bọ́ọ̀sì kan ni, ọmọ 35, ọjọ́ kan ṣoṣo. Ibo ni kí n mú wọn dé? — *Tíṣà, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, tètè gbéra. Tẹ́ ẹ bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí Erin Ìjẹ̀ṣà, sọ fún dírẹ́bà kó má wo apá ibẹ̀. Ọmọ tó bá ti kẹ́sẹ̀ bọ omi Olúmirìn, ó parí, ẹ ò ní dé Ifẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi omi síbẹ̀.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Òkúta kan ṣoṣo ni, ó ga ju mítà márùn-ún lọ, wọ́n sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára. Jẹ́ kí wọ́n dúró tì í, kí wọ́n na ọrùn. Lẹ́yìn náà, Ẹnuwá: ààfin wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ò sì jìnnà sí i. Ẹ wọ ibẹ̀ kí ẹ tó jẹun, torí ọmọ tó bá ti jẹ iyán Ifẹ̀ yó, oorun ni yóò sùn níwájú àwọn orí amọ̀ yẹn.

Sọ fún wọn pé ní 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ni ọkọ́ bá kan orí idẹ lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Má parọ́ fún wọn pé gbogbo rẹ̀ ló wà nílé. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Nígbà tí èmi wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí tíṣà mú wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwa ní Ẹnuwá, mo rí ojú kan láàárín àwọn orí ibẹ̀ tó jọ ti àǹtí bàbá mi tó ń ta aró. Ó jọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà fi parí. Lọ́dún tó kọjá mo tún lọ wò ó, ó ṣì jọ ọ́.

Àwọn ọmọ á fẹ́ ya fọ́tò lẹ́bàá ère Mọrèmi tí wọ́n ṣí ní 2016. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, kò sí bí wọn ò ṣe ní rí i. Ní tèmi, odò Ẹ̀sìnmìrìn ni ǹ bá mú wọn lọ, odò tí wọ́n ní Mọrèmi bá jẹ́ ẹ̀jẹ́, tó sì fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, san án. Odò kékeré ni. Wọ́n á bi ọ́ pé, "Èyí náà ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni.

Má mú wọn wá lásìkò ọdún Ọlọ́jọ́ o. Ọjọ́ yẹn nìkan láàárín ọdún ni Oòni ń dé adé Aàrẹ, kò sì sí ẹni tó máa rí ọ̀nà kọjá ní Ẹnuwá. O máa kó ọmọ 35 wá, ọmọ 31 lo máa kó lọ.

Ìbéèrè: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn àlejò yìí kí wọ́n yéé yin Ifẹ̀. Agẹrun ni mí, Ìlódè ni wọ́n bí mi sí. Mò ń wá yàrá kan tí n óò gbé ìyàwó wọ̀. Gbogbo ibi tí mo dé, wọ́n á ní ẹnì kan tó ń ti Èkó bọ̀ ti ní òun máa san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin onílé náà lẹ sì ń bá wọn lu ìlù. — *Agẹrun, Ìlódè*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo gbọ́. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ayálégbé mi ń ka ìwé yìí.

Aránṣọ kan gbé yàrá iwájú nílé mi fún ọdún mẹ́fà. Kò jẹ mí lówó rí. Lọ́dún tó kọjá, àjẹ́ǹtì kan wá sọ fún mi pé ọmọkùnrin kan láti Lẹ́kí fẹ́ wá máa gbé Ifẹ̀, pé orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ibi tó bá wù ú ló lè jókòó sí, pé ó ti gbọ́ pé ibí dákẹ́, ó sì máa san ìlọ́po méjì. N kò lé aránṣọ jáde. Mo kàn fowó lé owó ilé rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò ní í. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbá yàrá náà mọ́ tónítóní, ó fi kọ́tìnnì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán sílẹ̀ fún mi. Kọ́tìnnì yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ará Lẹ́kí dé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ń ya fọ́tò òwúrọ̀ kiri, ó ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí ibi ìsinmi. Nígbà tó yá, akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ń dún lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já a jù sílẹ̀ láàárín ìpàdé. Oṣù kẹrin ló kó lọ. Mo dá èyí tó kù nínú owó rẹ̀ padà fún un, ó ní òun ò mọ̀ pé onílé bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Mo ní kó má yìn mí.

Mo ránṣẹ́ sí aránṣọ pé kó máa bọ̀ nílé. Ó ní òun ti gbé ẹ̀rọ òun kalẹ̀ ní Ìpetumodù, oníbàárà ti mọ òun níbẹ̀.

Nítorí náà yàrá iwájú ṣófo. Iye tí aránṣọ ń san kí n tó fowó lé e ni wàá san, owó ọdún kan, kì í ṣe méjì. Mú ìyàwó rẹ dání lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn aago mẹ́rin, kí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Okùn kànga ti já, ìwọ lo máa ra òmíràn. Kọ́tìnnì wà níbẹ̀.