Ohun tí ẹ bá ń sanwó fún ni wọ́n máa ṣe

Ẹ ní àwọn òṣìṣẹ́ yín ń lé tágẹ́ẹ̀tì wọn bá lóṣooṣù, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ń sá lọ. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi kámẹ́rà àti owó ìtanràn kún un. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Ẹ wo ohun tí ẹ ń sanwó fún ná.

Mo ti bójú tó ẹ̀ka tó ń gba ìpè oníbàárà rí. Iye ìpè tí èèyàn bá gbà lóòjọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò àjẹmọ́nú rẹ̀. Nígbà tí mo jókòó ti àkọsílẹ̀, nọ́ńbà fóònù kan náà ni mò ń rí láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ gùn, òṣìṣẹ́ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá padà tó bá tó wákàtí kan." Ó ti gba ọ̀kan nìyẹn. Oníbàárà á tún pè, ó di méjì. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀ o.

A yí i padà: ìpè kì í wọ àjẹmọ́nú mọ́ àfi tí oníbàárà ò bá tún pè lórí ọ̀rọ̀ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Iye ìpè já wálẹ̀, jìnnìjìnnì sì bo àwọn ọ̀gá òkè. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ bó pé ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ ti le jù, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá rò pé ìyà ló máa yanjú ẹ̀, ẹ wo báǹkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà. Nítorí tágẹ́ẹ̀tì, òṣìṣẹ́ ń ṣí àkáǹtì tí oníbàárà ò bèèrè. Wọ́n lé nǹkan bí 5,300 èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún mélòó kan, ìwà náà ò dáwọ́ dúró. Ìgbà tí ìtanràn 185 mílíọ̀nù dọ́là bọ́ sí wọn lọ́rùn ní 2016 ni wọ́n tó kéde pé àwọn máa fagi lé tágẹ́ẹ̀tì ọ̀hún.

Kámẹ́rà láyè tiẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ka owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí ẹni tó ń gbowó má ṣe jẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sàn jù ú lọ. Ẹ má sì yọ owó ẹnikẹ́ni lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ ẹ̀, bí ìgbà tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ bá kọṣẹ́.

Ẹ mú àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá ti ẹni tó ń gba àjẹmọ́nú jù, kí ẹ fúnra yín pe mélòó kan nínú àwọn oníbàárà tó dá lóhùn.