Ta Ló Gbé Omi Kaná?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ṣàgámù, ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Ó ní Èkó ni òun ti ń ṣiṣẹ́, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló sì yẹ kí òun ti wà ní gáréèjì, torí bí ilẹ̀ bá fi mọ́ báni lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó di sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títí dé Bẹ́gà. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Ó ti gbìyànjú àdúrà òwúrọ̀ ní aago márùn-ún, kò bọ́ sí i. Ó fà á wá sí mẹ́rin ààbọ̀, ó ń tòògbé lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi aláàmù méjì sórí fóònù, ọkọ rẹ̀ na ọwọ́, ó pa méjèèjì. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ṣé kí òun kúkú máa jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ni, àbí Ọlọ́run ń gba àdúrà inú bọ́ọ̀sì?

Mo ka lẹ́tà náà, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ tẹ ẹ̀bà. Mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Gbólóhùn kan ló há mi lọ́fun, inú àkámọ́ ló sì fi í sí, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ iye tó ra àtàrodo: "(Ọmọ ọdún 11 tó ń bá wa gbé ló ń jí ní aago mẹ́rin láti gbé omi kaná, kó sì gbálẹ̀, kí n lè ráyè fún Ọlọ́run. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà títí a ó fi ṣe àmín, kó má bàa dí wa lọ́wọ́.)"

Ọ̀rẹ́ mi, mo gbọ́ ìbéèrè rẹ. Mi ò tíì fẹ́ dáhùn ẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò ná. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, wọ́n ní a mọ owó ṣírò, lónìí oorun ni mo fẹ́ kà. O ní aago mẹ́jọ alẹ́ lo máa ń ti Èkó dé. Ẹ ó jẹun, ọmọ náà á kó abọ́, á fọ̀ ọ́, á fọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ, á tó aago mẹ́wàá ààbọ̀ kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Mẹ́wàá ààbọ̀ sí mẹ́rin, wákàtí 5 àti ààbọ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn dókítà ń sọ ni pé ọmọ tí kò tíì ju ọdún 12 lọ nílò oorun wákàtí 9, ó kéré tán. Ìwọ tí o jẹ́ ìyá ilé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni o ń jí. Ìwọ wá ń sùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ọmọdé ti jí. Oorun ọmọ ọlọ́mọ lo fi ń ra àdúrà tí o ń bi mí léèrè, o sì ń ráhùn pé ọjà náà kò tíì tó ọ.

O tún sọ ọ́ bíi pé o ń ṣe é lóore: ìyá rẹ̀ ló fà á lé ọ lọ́wọ́ kó lè kàwé, "ó sì ń lọ sílé ìwé bí iṣẹ́ bá fún un láyè." Bí iṣẹ́ bá fún un láyè kẹ̀! Láti 2004 ni òfin ilẹ̀ wa ti sọ pé ọdún 9 àkọ́kọ́ nílé ìwé jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ilé ìwé rẹ̀ kì í ṣe sàráà tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àkọ́bí tìrẹ jẹ́ ọmọ ọdún 13, o ní kò fẹ́ kí wọ́n máa tètè jí òun. Ta ló fẹ́ ẹ?

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ìdí tí inú fi ń bí mi tó báyìí. Èmi náà gbé ilé onílé rí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná ni mo ti kọ́ gbogbo orin òwúrọ̀, bí mo ṣe ń fẹ́ iná tí èéfín ń bọ́ sí mi lójú. Mo gbọ́ ohùn orin wọn ketekete, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ sódì. Mo ti dàgbà kí n tó rí i nínú ìwé orin pé ohun tí mo ti ń kọ láti ọjọ́ yìí kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe ìkà o. Wọ́n rán aṣọ ọdún fún mi, wọn ò febi pa mí. Wọ́n á gbàdúrà fún aláìsàn, fún arìnrìn-àjò, fún ọba, fún àwọn tó wà lójú omi, èmi á máa gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mi ò gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀ rí.

O fa Máàkù 1:35 yọ fún mi, pé Jésù dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ síbi tó dá, ó ń gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló gbé omi kaná fún un? Ṣí ìwé Máàkù yẹn kan náà sí orí 10, ẹsẹ 14. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rò pé àwọn ọmọdé ń dí Olúwa lọ́wọ́, wọ́n ń lé wọn. "Kó má bàa dí wa lọ́wọ́," ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an nìyẹn. Ohun tí Bíbélì sì sọ ni pé inú bí Jésù.

O fi yangàn pé ìyá ìyá rẹ wà lára ìran àwọn aládùúrà Ìjẹ̀bú-Òde. Ó dáa, jẹ́ ká dé ibẹ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn bí eṣinṣin, tí Joseph Shadare àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ń kóra jọ gbàdúrà, ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn rinlẹ̀ láàárín wọn ni Sophia Ọdúnlámì. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, tíṣà ni, ó ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ nípa omi òjò tí yóò wo aláìsàn sàn. Àwọn àgbààgbà fetí sí i. Ká ní ilé tìẹ ló wà ni, ibi ìkòkò ni ohùn yẹn ì bá ti bá a.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Láti alẹ́ ni kí o ti da omi gbígbóná sínú fúláàsì, á ṣì gbóná ní aago márùn-ún. Ọkọ rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń pa aláàmù, jẹ́ kí ọwọ́ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan gáàsì. Abọ́ alẹ́, kí ọmọ ọdún 13 fọ̀ ọ́ lónìí, kí ọmọbìnrin yẹn fọ̀ ọ́ lọ́la. Kó wà lórí ibùsùn ní aago mẹ́sàn-án, kó má dìde títí aago mẹ́fà. Kó máa lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, bí iṣẹ́ fẹ́, bí iṣẹ́ kọ̀. Àdúrà ẹbí yín, ẹ gbé e sí aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí o bá dé, kí ẹni gbogbo jókòó sí pálọ̀, kí òun náà sì máa dá orin nígbà tó bá kàn án. Bó bá dá èyí tó gbọ́ sódì, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ní ti bọ́ọ̀sì, ó ń gbà á. Láti Ṣàgámù dé Bẹ́gà nínú gósìlóò, o lè gbàdúrà fún gbogbo ayé lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣáà má pariwo mọ́ àwọn tó ń sùn.

Bí o bá sì tún máa kọ̀wé sí mi: o dárúkọ àwọn ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o dárúkọ pásítọ̀ yín, o tilẹ̀ kọ irú fóònù tí aláàmù wà lórí ẹ̀. Mo wá orúkọ ọmọ yẹn lójú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò rí i. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.