Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí N Ra Ìyẹ̀fun Kọ́lájìn?

Ìbéèrè: Àáfà wa, as-salaamu alaykum. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí orúnkún ti ń dùn mí, pàápàá nígbà tí mo bá ń dìde láti orí ìforíkanlẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń tajà ní Ọjà Ọba ń ta ìyẹ̀fun kọ́lájìn, ó ní yóò wo orúnkún mi, ara mi yóò sì tún máa dán bíi ti ọmọge. Mo gbọ́ pé ara ẹran ni wọ́n ti ń mú un jáde. Ṣé hàláàlì ni? Ṣé kì í sì í ṣe ìnáàkúnàá, nítorí pé owó ike kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nílé mi? Ó ti gbé ike kan fún mi, ó ní kí n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. — Arábìnrin kan, Òkè-Fíà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullaah. Ọlọ́hun yóò fún yín ní àlàáfíà, ìyá wa.

Kọ́lájìn ni purotéènì tí Ọlọ́hun fi di awọ, egungun, iṣan àti oríkèé mú lára èèyàn àti ẹranko. Kò sí nínú ewéko, nítorí náà awọ àti egungun màlúù, awọ ẹlẹ́dẹ̀, awọ àti ìpẹ́ ẹja, tàbí ara adìyẹ ni wọ́n sábà máa ń mú un. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ẹran tí ó ti wá, kí a tó béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ yí ike náà, kí ẹ ka ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “porcine”, ẹlẹ́dẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ sì ti parí, nítorí pé Ọlọ́hun ti ka ẹran òkúǹbete, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀ fún wa nínú Suuratul-Baqarah, aayah 173. Bí ó bá jẹ́ “marine”, ẹja ni, èyí tí ọkàn mi balẹ̀ sí jù lọ, nítorí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nípa òkun pé omi rẹ̀ mọ́, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ hàláàlì.

“Bovine” ni ó gba àròjinlẹ̀. Màlúù ni, màlúù sì jẹ́ hàláàlì, ṣùgbọ́n ẹran tí a kò pa bí ṣẹ̀ríà ṣe là á sílẹ̀ di òkúǹbete, ike kì í sì í sọ bí wọ́n ṣe pa á, àyàfi bí àjọ tí ó ń yẹ hàláàlì wò bá ti fi àmì sí i. Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n ti sè é, wọ́n sì ti yí i padà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í ṣe ẹran mọ́, gẹ́gẹ́ bí ọtí tí ó di kíkan ṣe ń di hàláàlì. Èmi kò gba èyí fún kọ́lájìn, nítorí pé gígé ni wọ́n gé purotéènì náà sí wẹ́wẹ́ kí ó lè yòrò nínú omi. Kò di nǹkan mìíràn. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì (òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù) lágbàáyé tí ó jókòó ní Amman ní ọdún 1986 pàápàá kò gbà kí Mùsùlùmí lo jẹ́látìn ẹlẹ́dẹ̀ nínú oúnjẹ, kọ́lájìn sì ni wọ́n fi ń ṣe jẹ́látìn. Bí kò bá sí orúkọ ẹran kankan lára ike, ẹ fi sílẹ̀, nítorí Ànábì wa sọ pé kí a fi ohun tí ó ń mú wa ṣiyèméjì sílẹ̀ lọ síbi ohun tí kò mú wa ṣiyèméjì.

Ní ti àǹfààní rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ pa irọ́ mọ́ ọn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi kún un. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé àwọn tí wọ́n lo nǹkan bíi gíráàmù 2.5 sí 10 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 rí i pé awọ ara wọn rọ̀ díẹ̀ sí i, oríkèé àwọn mìíràn sì fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni, àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún títà ni wọ́n sì san owó púpọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyẹn. Inú yóò kọ́kọ́ da á bí ó ṣe ń da ẹran àti ẹ̀wà. Kò gba ọ̀nà tààrà lọ sí orúnkún. Ẹsẹ̀ màlúù tí ẹ ń sè nílé, títí kan pọ̀nmọ́, kọ́lájìn pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń tà á má ṣe sọ pé yóò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ànábì wa sọ pé ẹni tí ó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ èyí fún un.

Ṣíṣe ìtọ́jú ara kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́hun rẹwà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà. Àmọ́ ohun tí ó ń gba owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ìdílé, tí àǹfààní rẹ̀ kò sì ju díẹ̀ lọ, mo rí i gẹ́gẹ́ bí ìnáàkúnàá fún ẹni tí ó wà ní irú ipò yín. Suuratul-Israa, aayah 26 àti 27, pe àwọn onínàákúnàá ní ọmọ ìyá èṣù. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀, tí ó sì ra èyí tí a fi ẹja ṣe, tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, n kò dá a lẹ́bi.

Orúnkún yín ló jẹ mí lógún jù. Ẹ fi owó yẹn lọ rí dókítà, nítorí pé oríṣiríṣi nǹkan ló ń fa ìrora oríkèé, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Kí ìtọ́jú náà tó dé, ẹ má ṣe fi ipá kirun. Nígbà tí Imraan ọmọ Husayn ń ṣàìsàn, Ànábì wa sọ fún un pé kí ó kirun ní òró. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó jókòó. Bí kò bá tún lè ṣe ìyẹn, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí ìforíkanlẹ̀ bá ń ni yín lára ju bí ẹ ṣe lè fara dà lọ, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dúró níbi tí ẹ bá ti lè dúró, kí ẹ sì tẹrí ba fún rúkúù, kí títẹ̀ ti ìforíkanlẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti rúkúù lọ. Ẹ̀san ìrun yín kò dín.

Ní ti ike tí ó wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ kò bá tíì ṣí i, ẹ dá a padà fún un lónìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere. Bí ẹ bá ti ṣí i, gbèsè ni, ẹ san án tán, bí ẹ kò tilẹ̀ ní í lò ó mọ́.